Kí Ọmọ Ṣe Ìdánwò AP, Àbí Kó Fi Í Sílẹ̀?

Ní Amẹ́ríkà, inú oṣù kọkànlá ni wọ́n máa ń gba orúkọ àwọn ọmọ tí yóò ṣe ìdánwò AP nínú oṣù karùn-ún ọdún tó ń bọ̀. Ẹ wo bí àkókò náà ṣe rí. Ilé ìwé ò tíì ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ tí wọ́n wọlé, ọmọ ò tíì mọ̀ bóyá Chemistry yóò yé òun, olùkọ́ fúnra rẹ̀ ṣì ń wo irú ọmọ tó wà níwájú òun, ni fọ́ọ̀mù bá dé. Owó ìdánwò kan ń lọ sí $100. Bí ọmọ bá forúkọ sílẹ̀ tó wá yí ọkàn padà, tàbí tí kò yọjú lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n máa gba $40 lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ó pẹ́ kó tó forúkọ sílẹ̀, wọ́n á fi $40 mìíràn lé e. Ọmọ tó ń ṣe mẹ́rin lọ́dún kan ti ná òbí rẹ̀ tó $400 kó tó fi ẹsẹ̀ tẹ ọgbà yunifásítì kankan.

College Board, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1900, tó ń ṣètò ìdánwò SAT, ló ni AP. Advanced Placement ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, àwọn olùkọ́ ní àwọn ilé ìwé olówó bíi Andover àti Exeter, pẹ̀lú àwọn ará Harvard, Princeton àti Yale, ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó já fáfá ń dé yunifásítì tán, wọ́n á tún máa kọ́ ohun tí wọ́n ti kọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọdún kìíní yunifásítì nígbà tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama, kó ṣe ìdánwò lé e lórí, kí yunifásítì sì gbé e kọjá ibi tó ti mọ̀. Ọdún 1956 ni College Board ṣe tirẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà náà, nǹkan àwọn ọmọ ọlọ́lá díẹ̀ ni. Lónìí, iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ lé ní 35, láti orí Calculus àti Physics títí dé orí èdè Ṣáínà àti ìtàn iṣẹ́ ọnà, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìlú ńlá kan tí wọn kì í ti í ṣe é.

Máàkì tí wọ́n ń fún ọmọ kò ju 1 sí 5 lọ. 5 ló ga jù. Ẹni tó bá gba 3, College Board ní ó ti kún ojú òṣùwọ̀n. Apá kan ìdánwò náà jẹ́ èyí tí ọmọ yóò ti mú ìdáhùn kan nínú mélòó kan. Apá kejì, yóò kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Nínú oṣù kẹfà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùkọ́ girama àti ti yunifásítì á jókòó máa ka ohun tí àwọn ọmọ kọ, èsì á sì jáde nínú oṣù keje. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi oṣù keje yẹn sọ́kàn.

Ẹni tó bá ti ṣe A Level, IJMB tàbí JUPEB nílé, tó fi gba Direct Entry wọ 200 level, ti mọ ẹ̀mí ọ̀rọ̀ AP dé ibì kan. Iṣẹ́ yunifásítì ni ọmọ ṣe ṣáájú, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú iye tí yóò ṣe. Àmọ́ ibi tí ìjọra náà parí sí nìyẹn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí tí a ti Nàìjíríà wá ti ń ṣìnà. Abẹ́ WAEC àti JAMB la dàgbà sí. Ojú tí a fi ń wo ìdánwò ni pé ilẹ̀kùn ni: bó o bá yege o wọlé, bó o bá kùnà o dúró síta. Nítorí náà, bí a bá ti gbọ́ pé ìdánwò ńlá kan wà tí àwọn ọmọ tó mọ̀wé ń ṣe, a ò ní bèèrè ohun tó wà fún mọ́. Owó ni a ó kọ́kọ́ san. Ìdánwò AP kì í ṣe ilẹ̀kùn. Kò sí yunifásítì Amẹ́ríkà kan tó sọ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ náà pé ẹni tí kò bá ní AP kò gbọdọ̀ wọlé.

Ohun méjì ni orúkọ kan náà yìí bò mọ́lẹ̀, wọ́n sì yàtọ̀ síra: kíláàsì AP, àti ìdánwò AP. Kíláàsì ni ọmọ yóò máa lọ fún odidi ọdún kan ní ilé ìwé rẹ̀, olùkọ́ ilé ìwé rẹ̀ ni yóò fún un ní gíréèdì, gíréèdì yẹn ni yóò sì wà nínú ìwé èsì rẹ̀. Ìdánwò jẹ́ nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ní ọjọ́ kan péré nínú oṣù karùn-ún, College Board ló ń fún un ní máàkì, kò sì kan gíréèdì kíláàsì. Ọmọ lè jókòó ní kíláàsì kó má ṣe ìdánwò, àyàfi níbi tí ilé ìwé bá ti sọ ọ́ di dandan. Ọmọ mìíràn lè kàwé fúnra rẹ̀ nílé, kó lọ ṣe ìdánwò láìjẹ́ pé ó lọ kíláàsì rárá. Bí òbí bá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀, ìpinnu náà á rọrùn sí i, nítorí pé ìbéèrè tí ọ̀kan ń fẹ́ kọ́ ni èkejì ń fẹ́.

Kíláàsì ló ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti wọ yunifásítì. Bí àwọn tó ń gba ọmọ wọlé bá ṣí ìwé ọmọ kan, ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ó ṣe iṣẹ́ tó le jù nínú ohun tí ilé ìwé rẹ̀ ní, àti ohun tó gbà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé tún máa ń fi àfikún sí gíréèdì kíláàsì AP, tí A á di 5 dípò 4 nínú ìṣirò GPA. Ìdánwò ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kírẹ́dítì, ìyẹn iṣẹ́ yunifásítì tí wọ́n máa gbà pé ọmọ ti ṣe, ló jẹ mọ́ jù. Ẹ padà wo oṣù keje. Ọmọ tó wà ní ọdún ìkẹyìn, tí wọ́n ń pè ní senior, ti fi fọ́ọ̀mù yunifásítì ránṣẹ́ láti ìgbà tí òtútù ti mú. Wọ́n ti fún un lésì nínú oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ìdánwò AP ń bẹ̀rẹ̀, tí èsì rẹ̀ sì ń jáde ní oṣù méjì lẹ́yìn náà. Kò sí bí ìdánwò tí senior ṣe nínú oṣù karùn-ún ṣe lè mú un wọ yunifásítì tó ti gbà á láti oṣù kẹta. Síbẹ̀, mo mọ àwọn ìyá tó ń fi ààwẹ̀ gbígbà kún àdúrà nítorí ìwọlé ọmọ. Àdúrà kì í ṣòfò, àmọ́ kírẹ́dítì ni kí wọ́n fi máa bẹ Ọlọ́run.

Ti àwọn ọmọ tó ṣe ìdánwò ṣáájú ọdún ìkẹyìn yàtọ̀ díẹ̀, torí pé wọ́n lè kọ máàkì wọn sínú fọ́ọ̀mù. Àwọn fúnra wọn ni yóò sì yan èyí tí wọ́n máa kọ: ẹni tó gba 5 nínú Biology àti 2 nínú Physics lè kọ ti Biology kó dákẹ́ lórí èkejì. Ní 2024, Yale kéde pé ọmọ lè fi máàkì AP dípò SAT. Ẹni tó bá sì ń ronú láti rán ọmọ rẹ̀ láti Amẹ́ríkà lọ sí Britain, kó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìdánwò náà ti ń di ilẹ̀kùn ní tòótọ́. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ kì í ka ìwé ẹ̀rí girama Amẹ́ríkà nìkan sí ohun tó tó. Ní Oxford àti Cambridge, 5 tó pọ̀ nínú AP ni wọ́n ń fẹ́ rí. Àwọn tó ní mọ̀lẹ́bí ní Peckham, ní London, tó ń sọ pé kí ọmọ wá ṣe yunifásítì lọ́dọ̀ àwọn, ẹ tètè bèèrè.

Fún àwọn tó kù, ọ̀rọ̀ kírẹ́dítì ni, ibi tí wọ́n sì ń wò ó kì í ju ojú ìwé kan lọ. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ní tábìlì tó to iṣẹ́ AP lọ́kọ̀ọ̀kan sí, máàkì tí wọ́n ń fẹ́, àti ohun tí wọ́n máa fi rọ́pò. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ má ṣe yára yọ̀ nígbà tí ẹ bá rí i pé 3 ń mú kírẹ́dítì mẹ́ta wá. Ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti kọ orúkọ iṣẹ́ tó rọ́pò. Bí ẹ bá rí orúkọ iṣẹ́ gidi pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, irú bíi Biology ọdún kìíní, iṣẹ́ yẹn ti kúrò lọ́rùn ọmọ. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ náà elective ni wọ́n kọ síbẹ̀, kírẹ́dítì lásán ni wọ́n fún un. Yóò wà nínú ìwé rẹ̀, yóò pọ̀ lójú, àmọ́ bí ẹ̀kọ́ tó yàn kò bá fi àyè sílẹ̀ fún elective, gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà, kò ní yọ ohun kankan kúrò nínú ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe. Mo ti rí tábìlì tí 3 àti 4 nínú iṣẹ́ kan jẹ́ elective, tó jẹ́ pé 5 nìkan ló rọ́pò iṣẹ́ gidi. Kírẹ́dítì tó rọ́pò iṣẹ́ gidi ni ohun tí à ń wá gan-an.

Ilé ìwé kan sí èkejì ni ìyàtọ̀ náà pọ̀ sí. Òfin kan tí Texas ṣe ní 2015 ní kí àwọn yunifásítì ìjọba máa fún ọmọ tó bá gba 3 ní kírẹ́dítì, àyàfi bí wọ́n bá ní ẹ̀rí pé iṣẹ́ náà ń béèrè máàkì tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Florida àti Illinois náà ní òfin tiwọn. Àwọn ilé ìwé tí orúkọ wọn ń dún jù kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Dartmouth ti ṣíwọ́ fífi AP fún ọmọ ní kírẹ́dítì láti orí àwọn tó wọlé lẹ́yìn 2013. Caltech kì í fún ẹnikẹ́ni. Brown kì í kà á mọ́ iye iṣẹ́ tí ọmọ yóò fi gboyè. MIT ń gba 5 nínú Calculus BC, ṣùgbọ́n kì í gba gbogbo nǹkan. Nítorí náà, ọmọ kan náà, pẹ̀lú 4 kan náà nínú US History, lè jèrè rẹ̀ ní Houston kó má sì rí nǹkan kan gbà ní Dartmouth. Àwọn òbí ń bi mí bóyá ìdánwò náà dára. Èmi náà á bi wọ́n pé: níbo ni ọmọ ń lọ, kí ló sì fẹ́ kọ́?

Bó bá jẹ́ yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ló ń lọ, tí ẹ ò sì ní owó tó pọ̀, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Iṣẹ́ kírẹ́dítì mẹ́ta kan níbẹ̀ sábà máa ń tó $1,000 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, a sì rí ìdánwò tí kò tó $100 tó lè rọ́pò rẹ̀. English, US History, ìjọba Amẹ́ríkà, Psychology: àwọn iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń ṣe, ohun yòówù tí wọn ì báà máa kọ́, ni owó wà nínú wọn jù. Ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré lè gba ẹ̀dínwó, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì wà, bíi North Carolina, tó ń san owó ìdánwò fún àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba. Kí ẹ bi ilé ìwé kí ẹ tó fa owó yọ.

Ẹ̀tàn kan wà nínú ìṣirò owó yìí tí wọn kì í sọ fúnni. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ni kì í gba owó ní kírẹ́dítì kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá ti ń ṣe tó 12 kírẹ́dítì ní sáà kan, iye kan náà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà ṣe 12, ì báà ṣe 17. Nírú ibẹ̀, kírẹ́dítì AP mẹ́ta tàbí mẹ́fà kò dín kọ́bọ̀ kù nínú owó ilé ìwé. Ìgbà tí kírẹ́dítì náà bá pọ̀ tó láti yọ odidi sáà kan kúrò ni owó ń dínkù, tí owó ibùgbé àti oúnjẹ sáà náà á sì bá a lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọmọ tó bá rí kírẹ́dítì gbà nínú ìdánwò mẹ́rin tàbí márùn-ún tó bọ́ sí ibi tó yẹ lè rí èrè tó pọ̀, nígbà tí ẹni tó rí i gbà nínú ìdánwò méjì kàn ní àyè láti sinmi díẹ̀ ní ọdún kejì. Ìsinmi náà kì í ṣe nǹkan kékeré, àmọ́ kí a mọ̀ pé òun la rà.

Ẹ jẹ́ kí n ya sí ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ kí ọmọ wọn di dókítà, nítorí àwa ni a pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ilé ìwé ìṣègùn kan kì í gba kírẹ́dítì AP dípò Biology àti Chemistry tí wọ́n ní kí ọmọ ṣe ní yunifásítì. Àwọn mìíràn á gbà á, tí ọmọ bá ti ṣe iṣẹ́ tó ga ju ìyẹn lọ nínú ẹ̀kọ́ kan náà. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ọmọ ọdún méjìdínlógún tó fi AP fo Chemistry ọdún kìíní lè bá ara rẹ̀ nínú Organic Chemistry pẹ̀lú àwọn tó jù ú lọ, kí ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì máa mì. Gíréèdì C tó bá gbà níbẹ̀ á wà nínú ìwé rẹ̀ títí ilé ìwé ìṣègùn yóò fi rí i. Bó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, yóò ṣe ìdánwò AP Chemistry náà, yóò gba 5 bí Ọlọ́run bá fẹ́, yóò sì tún padà jókòó sí Chemistry ọdún kìíní. Ibi tí màá ti fi kírẹ́dítì AP rẹ̀ yọ iṣẹ́ ni English àti History.

Ní ti kíláàsì, kò sí tábìlì tí a lè wò. Oorun ọmọ la ó wò, àti ẹni tó ń kọ́ ọ. Láti 2007 ni College Board ti ń yẹ ìlànà ẹ̀kọ́ olùkọ́ wò kí wọ́n tó gbà kí ilé ìwé pe kíláàsì ní AP, àmọ́ ìwé ni wọ́n ń yẹ̀ wò, wọn kì í wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Ilé ìwé méjì lè pe nǹkan kan náà ní AP Calculus kí ọ̀pọ̀ gba 4 àti 5 ní ọ̀kan, kí ọ̀pọ̀ gba 1 ní èkejì. Ní ilé ìwé Garfield, ní àdúgbò àwọn òtòṣì ní ìlà-oòrùn Los Angeles, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Jaime Escalante kọ́ àwọn ọmọ ní Calculus débi pé ní 1982, ọmọ 18 ló ṣe ìdánwò náà tí gbogbo wọn sì yege. Àwọn tó ń máàkì ìdánwò ò gbà á gbọ́; wọ́n fẹ̀sùn kan 14 nínú wọn pé wọ́n jí ìwé wò. Méjìlá padà lọ ṣe òmíràn, àwọn méjèèjìlá tún yege. Ẹ bi àwọn òbí tí ọmọ wọn ti ṣe é lọ́dún tó kọjá pé báwo ni olùkọ́ náà ti rí. Ìdáhùn wọn á ran yín lọ́wọ́ ju orúkọ tí kíláàsì ń jẹ́ lọ.

Mélòó ló yẹ kó ṣe? Bí ẹ bá jókòó sí òde àríyá ní Houston tàbí Maryland, ẹ ó gbọ́ ọ: tèmi ń ṣe mẹ́sàn-án, tèmi ti ṣe mọ́kànlá. Wọ́n á kà á bí ẹni ń ka aṣọ ẹbí. Kò sí ibi tí mo ti rí i kà pé ìkọkànlá ló ń mú yunifásítì gba ọmọ tí wọn ì bá kọ̀ ní ìkẹfà. Àwọn yunifásítì ìjọba California tilẹ̀ fi ààlà sí i: bí ọmọ bá ti gba àfikún fún sáà mẹ́jọ, wọn kì í fi kún GPA mọ́, ìyẹn sì jẹ́ kíláàsì olódidi ọdún mẹ́rin péré. Ọmọ tó ń sùn ní agogo méjì òru nítorí AP márùn-ún, tó wá ń gba B àti C nínú wọn, ń fi ìwé èsì rẹ̀ ṣòfò. Kó ju méjì nù.

Kíláàsì kan sì wà tí màá ní kí ọmọ lọ bí wọn kò bá tilẹ̀ fún un ní kírẹ́dítì kankan níbikíbi: èyí tó fẹ́ràn. Nínú AP Art History, iṣẹ́ ọnà 250 láti gbogbo àgbáyé ni ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914, tí ọba jókòó lórí rẹ̀ tí olorì sì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Òpó náà wà ní Art Institute ní Chicago. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí Chicago lè ka ọba Èkìtì nínú ìwé ìdánwò, kó sì wọ bọ́ọ̀sì lọ wò ó lọ́jọ́ Sátidé.

Ohun méjì ló yẹ kí àwọn òbí tí JAMB tọ́ dàgbà mọ̀ nípa máàkì. Àkọ́kọ́, kò sí ìdí láti fi àlàfo sílẹ̀: láti 2011 ni wọn kì í ti í yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà mọ́. Èkejì, 5 kò túmọ̀ sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú Calculus, ẹni tó gba nǹkan bíi méjì nínú mẹ́ta máàkì tó wà nílẹ̀ sábà máa ń gba 5. Bí ọmọ bá jáde tó ní òun ò lè ṣe ìbéèrè kan, ẹ má kígbe lé e lórí nínú mọ́tò. Ibi tí wọ́n fi ààlà sí náà ń yí padà: ní US History, àwọn tó gba 3 sókè fò láti nǹkan bí ìdajì ní 2023 lọ sí ohun tó lé ní ìdá méje nínú mẹ́wàá ní 2024, lẹ́yìn tí College Board yí ọ̀nà tí wọ́n fi ń pín máàkì padà.

Bí èsì bá jáde nínú oṣù keje, máàkì tí kò dára kì í lé ọmọ kiri. Kò sí yunifásítì tó máa rí i àfi tí ọmọ bá fi ránṣẹ́, ó sì lè ní kí College Board pa á rẹ́ pátápátá láìsan owó. Ọ̀kan ni wọ́n ń bá a fi ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún, bó bá sọ ilé ìwé tó fẹ́ kí ogúnjọ́ oṣù kẹfà tó kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ohun tí à ń sanwó fún. Kí senior fi ti ọ̀fẹ́ yẹn ránṣẹ́ sí yunifásítì tó ń lọ, kó tó lọ wá iṣẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá pè é láti yan iṣẹ́ ọdún kìíní, kó béèrè lọ́wọ́ olùdámọ̀ràn rẹ̀ nínú kírẹ́dítì tó ní, èwo ló rọ́pò iṣẹ́ gidi, àti bóyá ó ṣì lè padà jókòó sí Chemistry láìjẹ́ pé ó pàdánù ti English.